Ìyàtọ̀ takọtabo àti ìṣèlú: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Àkúrẹ́

Olùkọ́ ni mí. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, ọmọ Oǹdó sì ni ìyá tó bí mi. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń pàdé ní pálọ̀ mi láti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìṣèlú. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìyá oníṣòwò méjì láti Ọjà Ọba wà, ọkùnrin mẹ́ta tí kì í pa ìpàdé jẹ náà wà. Bí ẹni tuntun bá ti dé, àwọn ìbéèrè kan ń bọ̀ nìyẹn. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn tí mo lè dúró lé lórí.

Kí ni “ìyàtọ̀ takọtabo” gan-an?

Bí aboyún bá bímọ lóru, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà máa bi ẹni tó pè é lórí fóònù ni “Kí ló bí?” Gbogbo wa la mọ ohun tó ń bèèrè. Kó tó gbọ́ bí ọmọ ṣe tóbi tó, kó tó mọ ẹni tó jọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. A kò bí ẹnikẹ́ni sáyé ní ènìyàn lásán. Ara la gbé wá, àwọn tó gbà wá lọ́wọ́ agbẹ̀bí sì ti ka nǹkan sí ara náà lára kí a tó lajú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, àwọn tí a ń pè ní filọ́sọ́fà, ti ń bèèrè pé kí ni ènìyàn, kí ni òtítọ́, irú ìjọba wo ló dára. Ìmọ̀ ìyàtọ̀ takọtabo, ìyẹn ìmọ̀ tó ń wo ohun tí jíjẹ́ akọ tàbí abo túmọ̀ sí nínú èrò, òfin àti ìṣèlú, bi wọ́n léèrè padà pé: ènìyàn wo lẹ ní lọ́kàn? Nítorí Aristotle ará Gíríìsì ìgbàanì kọ ọ́ sílẹ̀ pé abo dà bí akọ tí kò pé. Ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e kò sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣàpèjúwe ènìyàn tó ní làákàyè, tó ní dúkìá, tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ẹni tí kò lóyún rí láyé rẹ̀ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Wọ́n fi ọkùnrin ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n wá pe òṣùwọ̀n náà ní “ènìyàn”.

Ìdọ́gba kọ́ ni gbogbo obìnrin ń jà fún?

Ìdọ́gba ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa. Owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀tọ́ kan náà níbi ìbò, ní ilé ìwé, ní kóòtù. Nígbà tí Simone de Beauvoir gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí obìnrin jáde ní Faransé ní 1949, ọdún márùn-ún péré ni obìnrin ilẹ̀ náà fi ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó ní a kì í bí obìnrin ní obìnrin, ńṣe ló ń dà á. Pé ọkùnrin ti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni, ó wá fi obìnrin sí ipò ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn la ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìbéèrè tí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bèèrè ni: kí obìnrin bá ta ni dọ́gba?

Ẹ wo bí àwa náà ṣe máa ń yin obìnrin. Bó bá kọ́lé, tó rán ọmọ márùn-ún níwèé, tí kò sá fún ìjà, a ó ní “Obìnrin bí ọkùnrin ni!” Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú ìyá mi, ọkàn mi sì dùn nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni mo tún un rò. Ọmọ méje ni ìyá mi bí, ó sin méjì, ó ń fi igbá ta iyọ̀ àti epo títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù. Èwo nínú rẹ̀ ló fi ṣe bí ọkùnrin? Gbogbo agbára tó lò, agbára obìnrin ni. Nígbà tí a fẹ́ yìn ín, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wa ju pé kí a fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ìyàtọ̀ takọtabo ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni Luce Irigaray, kí ló sì sọ tí wọ́n fi bínú sí i?

Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti bí i ní 1930, Paris ló ti ṣiṣẹ́. Ó kàwé nínú ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ó sì kọ́ṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn, ọ̀nà ìwòsàn tí dókítà Freud dá sílẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ sísọ wá ohun tó pamọ́ sínú ọkàn ènìyàn. Ní 1974 ó gbé ìwé kan jáde tó fi ka Freud, Plato àti àwọn àgbà mìíràn láìbẹ̀rù, tó fi hàn pé níbi gbogbo tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ obìnrin, àwòrán ara wọn ni wọ́n ń wò nínú dígí. Lẹ́yìn ìwé náà ni iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe ní yunifásítì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dígí yìí máa ń rán mi létí òwe wa: ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí. A máa ń pa á bí ìyìn fún ìyá, ìyìn sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Dígí ni èèyàn ń wò kó tó mọ ara rẹ̀. Wúrà ńkọ́? Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣẹ̀ṣọ́, wọ́n ń fi dógò. Ta ló bi wúrà léèrè ohun tó fẹ́ rí? Ọmọbìnrin tó bá ń wá ohun tí yóò fi mọ ara rẹ̀, dígí bàbá nìkan ló máa rí níwájú. Ní 1977, Irigaray kọ ọ́ pé láàárín àwọn ọkùnrin, obìnrin ti di ọjà tí ìdílé kan ń gbé fún ìdílé kejì. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka ẹrù ìdána ìyàwó, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ sì wà nínú yàrá tó ń dúró kí wọ́n pè é, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. (Mo fẹ́ràn ìdána. Mo jó níbi tèmi. Ìyẹn ò sọ pé kí n má ronú lé e.)

Ohun tó fẹ́ kọjá àròyé. Ó ní kí òfin kọ ẹ̀tọ́ obìnrin sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin: kí ara ọmọbìnrin jẹ́ tirẹ̀, kí ẹbí, ìjọba tàbí ìjọ má fi ṣòwò, kí jíjẹ́ ìyá jẹ́ ohun tó yàn fúnra rẹ̀, àti pé níwọ̀n ìgbà tí obìnrin ń san owó orí bíi ti ọkùnrin, kí ìdajì ètò orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ tiwọn. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n máa gbé àwòrán ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Àwọn kan ka èyí sí ohun kékeré. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀.

Mo dán nǹkan kan wò nínú ìpàdé wa. Mo pín bébà, mo ní kí kálukú kọ orúkọ bàbá bàbá bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà kó kọ ti ìyá ìyá ìyá rẹ̀. Nínú àwa mẹ́rìnlá tó wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án kọ ti bàbá, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ti ìyá. Aránṣọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mú bíírò dání títí, ó ní, “Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Mi ò bi wọ́n léèrè rí.” Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ó wọkọ̀ lọ sí Ìdànrè lọ bèèrè lọ́wọ́ àǹtí ìyá rẹ̀.

Àwọn ará Ítálì tí ẹ máa ń dárúkọ ńkọ́?

Ní 1975 àwọn obìnrin kan ṣí ilé ìtàwé ní Milan, ibẹ̀ sì di ibi ìpàdé àti ìrònú. Ní Verona, nǹkan bíi ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, Luisa Muraro, Adriana Cavarero àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Diotima. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ wọn ni pé òmìnira obìnrin kò lè ti ọ̀dọ̀ òfin nìkan wá. Ó ní láti ti ọ̀dọ̀ obìnrin mìíràn wá: kí obìnrin yan obìnrin tó jù ú lọ nínú ìmọ̀ tàbí ìrírí, kó fọkàn tán an, kó jẹ́ ẹni yẹn ni yóò gbà á sọ̀rọ̀, tí yóò sì ṣí ọ̀nà fún un. Wọ́n gbà pé obìnrin kò dọ́gba láàárín ara wọn, wọn kò sì fi bò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá oníṣòwò wa ní, “Ṣé ohun tí ọ̀gá mi ṣe fún mi nìyẹn?” Nígbà tó dé ọjà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìyá kan gbà á, ó fún un ní ọjà àwìn, ó mú un lọ bá alájàpá ní Ìkàrẹ́, ó sì dúró fún un nígbà tí àwọn onílé ìtajà fẹ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun náà gan-an ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ará Milan kọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní ìṣèlú.

Muraro tún tẹnu mọ́ ọn pé ẹnu ìyá la ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà ọgbọ́n gbogbo jẹ ìyá ní gbèsè. Èdè abínibí ni Yorùbá ń pè é. Ìbí wà nínú orúkọ náà.

Èdè Yorùbá kò pín “ó” sí akọ àti abo. Ṣé wàhálà Òyìnbó kọ́ ni gbogbo èyí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní èdè Faransé, bí ọgọ́rùn-ún obìnrin bá kóra jọ, ọ̀rọ̀ abo ni wọ́n fi ń tọ́ka sí wọn; kí ọkùnrin kan ṣoṣo wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ akọ ló di dandan. Irigaray lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. “Wọ́n” ni wọ́n. “Ó” ni ó. Ohun tí ẹnu wa kì í fojú fò ni ẹni tó dàgbà jù: ìwọ àbí ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò.

Ọmọ Yorùbá ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tó kọ̀wé lórí èyí ní 1997. Ó jà fún un pé kí Òyìnbó tó dé, kì í ṣe ara akọ tàbí abo ni Ọ̀yọ́ fi ń to ènìyàn, ìpele àgbà ni. Pé àwọn onímọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn wá gbé “obìnrin” tiwọn kà wá lórí. Ó mú ọ̀rọ̀ “ọkọ” wá bí ẹ̀rí. Ìyàwó ilé a máa pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, títí kan àwọn ọmọbìnrin. Òótọ́ ni. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́fà jù, mo ń pè é ní “ọkọ mi” títí dòní.

Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an, ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ “ọkọ” yìí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí mo fi di àbúrò fún ọmọ tí mo jù lọ? Nítorí pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí mi nínú ilé yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni mo kó wá? Nítorí pé obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ. Ìpele àgbà ló wà lójú, ìyàtọ̀ takọtabo ló wà nídìí rẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti bá a jiyàn lọ́nà tó sún mọ́ èyí ní 2003: pé agbára kan kì í dá ṣiṣẹ́, ọjọ́ orí àti jíjẹ́ obìnrin máa ń wọnú ara wọn. Èdè tí kò dárúkọ nǹkan kò tíì mú nǹkan náà kúrò.

Kí ló wá kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó nínú filọ́sọ́fì Faransé?

Ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí. Ìdáhùn yìí ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wa.

Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń di adelé títí wọn yóò fi yan ọba mìíràn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa láìpẹ́ ni ti Ọmọba Adétutù Adéṣidà-Òjéì, tó di adelé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ wàjà ní 2013, tó sì wà níbẹ̀ títí tí Ọba Aládétóyìnbó fi gorí ìtẹ́ ní 2015. Adelé máa ń wọ aṣọ ọkùnrin. Agbádá ni, fìlà ni, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Kábíyèsí ni wọ́n ń kí i. Àwọn ìjòyè ọkùnrin ń wólẹ̀ fún un. Mo rí adelé kan níbi ayẹyẹ kan rí. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá etí agbádá sórí èjìká, wúyẹ́ wúyẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà pé kí ló dé tí kì í fi í ṣe ọmọkùnrin ọba, wọ́n á ní ọmọkùnrin lè jókòó tán kó kọ̀ kó má dìde. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fi fọkàn tán obìnrin lórí ìtẹ́ ni pé wọ́n gbà pé ìtẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lè lò ó, ó ní láti wọ inú aṣọ ọkùnrin. Irigaray kò mọ Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nìyí: ìlẹ̀kùn ṣí fún obìnrin, bó bá gbà láti wọlé bí ọkùnrin.

Ẹ wá jẹ́ ká wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin ni Ọ̀ṣemàwé, ìyẹn ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, Púpùpú, ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n gbé kúrò láàfin nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Aírò, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀, láti ìgbà náà ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò pa ọ̀rọ̀ obìnrin rẹ́. Oǹdó ní Lóbùn. Ọba obìnrin ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ọ̀rọ̀ ọjà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi Ọ̀ṣemàwé jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àwọn ìjòyè tirẹ̀, Ọ̀pọ́jì, gbogbo wọn obìnrin, oyè wọn sì ń bá ti ọkùnrin rìn ní ìkọ̀ọ̀kan: bí Lísà ṣe wà ni Lísà Lóbùn wà, bí Jọmù ṣe wà ni Jọmù Lóbùn wà, bí Sàsẹrẹ̀ ṣe wà ni Sàsẹrẹ̀ Lóbùn wà.

Lóbùn kì í wọ agbádá kó tó di ọba. Gẹ́gẹ́ bí obìnrin ló fi jẹ ẹ́, lórí ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ obìnrin. Ibẹ̀ ni èrò mi dúró sí: òfin àti ìjọba tó bá fẹ́ gba obìnrin ní láti ní àyè fún méjì, kì í ṣe àyè kan tí obìnrin lè yá fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ Oǹdó ti ronú kan ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ ní Paris.

Mi ò ní parọ́ pé Oǹdó jẹ́ párádísè obìnrin. Àga méjì yẹn kò ga bákan náà, ìtàn fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé lẹ́yìn tí obìnrin pàdánù èyí tó ga ni wọ́n fún un ní ìkejì. Nígbà tí amúnisìn dé, ọba ọkùnrin ló bá ṣèjọba. Níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni oyè àwọn obìnrin ti dín kù di ohun ayẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí a máa sọ pé “àṣà wa ti ní i tẹ́lẹ̀” kí a sì padà sùn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kí a bèèrè agbára tó yẹ kí Lóbùn ní lónìí, lórí owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́jà, lórí omi, lórí iná, lórí ibi tí ọmọ ọwọ́ àwọn oníṣòwò ń sùn sí ní ọ̀sán.

Ṣé òfin Nàìjíríà mọ obìnrin?

Ó mọ̀ ọ́n níbi tí kò yẹ, kò mọ̀ ọ́n níbi tó yẹ.

Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 ní kí a má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Abala 26 wá ní ìyàwó tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ láti ìlú òkèèrè lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ wa. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tí ọmọbìnrin Nàìjíríà fẹ́. Abala 29, tó dá lé bí ènìyàn ṣe lè kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, ní obìnrin tó bá ti lọ́kọ, kí a kà á sí àgbà, ọdún yòówù kó jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù kò tilẹ̀ sí nínú òfin. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n mú àbúrò mi lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba béèlì rẹ̀. Mo gbé ìwé ilé mi dání, mo gbé ìwé owó oṣù mi dání. Ọ̀gá tó wà lórí tábìlì kò ṣí fáìlì náà. Ó ní, “Màdámù, ẹ lọ pe ọkọ yín wá. A kì í gba obìnrin.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní JSS 2 ló ń kọjá lọ́nà, mo bẹ̀ ẹ́, ó wọlé, wọ́n fún un ní bíírò. Kò ní ilé, kò ní iṣẹ́ nígbà náà. Ó fọwọ́ sí i tán, kò lè wo ojú mi.

Abala 167 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Níbi irú èyí, ìdọ́gba pọ́nńbélé ni mo fẹ́. N kò fẹ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ṣé yíya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin kì í ṣe ojúsàájú?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin l'Ábùjá dìbò tako àbá tó fẹ́ dá àga 111 sílẹ̀ fún obìnrin: sẹ́nétọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Àbújá, aṣojú méjì méjì pẹ̀lú. Àga tuntun ni, kò gba ti ọkùnrin kankan. Nínú ìbò 2023, obìnrin mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ kéde nínú sẹ́nétọ̀ 109; ilé ẹjọ́ ló sọ wọ́n di mẹ́rin.

Àríyànjiyàn kan náà wáyé ní Faransé. Àwọn kan ní ọmọ orílẹ̀-èdè kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, pé bí a bá ya àga fún obìnrin lónìí, ẹ̀yà àti ẹ̀sìn gbogbo á bèèrè tiwọn lọ́la. Sylviane Agacinski, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Faransé, àti àwọn mìíràn fèsì pé obìnrin kì í ṣe ẹ̀yà kékeré láàárín ìlú. Ìdajì ènìyàn ni, inú gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo ẹ̀sìn ló wà. Wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe ní 1999, òfin tó fipá mú ẹgbẹ́ òṣèlú láti máa fa obìnrin àti ọkùnrin kalẹ̀ dọ́gba jáde ní 2000. Ní Rùwáńdà, òfin ìpìlẹ̀ 2003 ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀. Nígbà tó fi di 2008, obìnrin ti gba 45 nínú àga 80.

Ojúsàájú? Ìtàn Ọ̀ṣun ni mo máa ń fi dáhùn. Odù mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn ọkùnrin, wá sáyé pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò pè é sí ìpàdé. Òjò kọ̀, ẹbọ wọn kò gbà, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dojú dé. Olódùmarè bi wọ́n léèrè pé ẹnì kẹtàdínlógún yín dà? Nígbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Ìpàdé wọn ni kò pé.

Ṣé ọgbọ́n láti dá obìnrin padà sí ilé ìdáná kọ́ ni ọ̀rọ̀ “ìyàtọ̀” yìí?

Ó lè di bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Òfin Iṣẹ́ wa, ní abala 55, ní kí wọ́n má gba obìnrin sí iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá tàbí oko ńlá, ó yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Wọ́n ní ààbò ni. Ẹni tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì ní aago mọ́kànlá òru kò rí ààbò yẹn. Iṣẹ́ tó lówó lórí nìkan ni òfin náà ń dí obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀.

Judith Butler ará Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ ní 1990 pé bí a bá ń tẹnu mọ́ akọ àti abo bí ohun tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, a ó máa ti ara ẹni tí kò bọ́ sínú méjèèjì síta, a ó sì máa sọ àṣà di àdámọ́. Ìkìlọ̀ náà tọ́. Òdiwọ̀n tí mo fi ń wò ó kò ṣòro: ta ló ń sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà túmọ̀ sí? Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń sọ ọ́ fún obìnrin, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni.

Mo ti rí i tí ìyàtọ̀ di ohun rere nínú ìṣèlú níbí. Ètò Abíyè tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní 2009, àti ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tó ṣí ní Àkúrẹ́ ní ọdún kejì rẹ̀, gba aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láìgba owó. Nọ́ọ̀sì inú ìpàdé wa ní ṣe ni àwọn aboyún ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá. Kò sí ìdọ́gba tó lè ṣe ìyẹn, nítorí kò sí ọkùnrin tí a ó fi wé aboyún. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ gbà pé ìrọbí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba.

Obìnrin tí kò bímọ ńkọ́? Ṣé kò sí nínú “ìyàtọ̀” yín?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ́kọ́ bèèrè, àǹtí rẹ̀ ló ń rò. Ó wà níbẹ̀ pátápátá. Irigaray sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé sísọ obìnrin di ìyá nìkan jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa obìnrin inú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a bá ń pe gbogbo obìnrin ní ìyá lágbájá, a máa gbàgbé pé ó ní orúkọ. Èmi náà, láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi, kò ju ẹni mẹ́ta lọ tó ń pe orúkọ tí wọ́n sọ mí.

Ẹ̀sìn ńkọ́?

Àwa tí à ń pàdé, oníṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, Mùsùlùmí wà, a sì máa ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí i nínú ìwé mímọ́ pé akọ àti abo ni Ọlọ́run dá wọn, kó bi ara rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ìjọ rẹ̀ ṣe jẹ́ akọ nìkan.

Ṣé ọkùnrin lè dá sí i?

Ó yẹ kí wọ́n dá sí i, nítorí pé bí akọ bá ti ń pe ara rẹ̀ ní “ènìyàn” lásán, òun náà kò tíì mọ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Láti 2022 ni ìjọba ti gbà kí bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó kọ lẹ́tà, ó gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ṣé ìwọ lo bímọ ni?”

Ó ní, “Rárá, sà. Ìyàwó mi ló bí i. Ìdí tí mo fi fẹ́ wà nílé nìyẹn.”